Bùrọ̀dá Sùràjù, tí kò sí ipò tí kò lè gbá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Lásúnwọ̀n, bí a bá ti pọn omi kún àmù, tí a sì mu gààrí pẹ̀lú ẹ̀pà, ọ̀nà pápá Ìtamaga ni ẹsẹ̀ wa ń yá sí. Ìyá mi á ní kí n má pẹ́, màá sì pẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ rántí bí ẹgba ṣe máa ń dúró de ọmọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, ẹgba kò lè dá wa dúró bí Bùrọ̀dá Sùràjù bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Bíríkìlà ni. Ọ̀yọ́ ló ti wá, yàrá kan ní ilé wa ló rẹ́ǹtì. Lórí pápá, lónìí á wà lẹ́yìn, kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Lọ́la á wà níwájú, á máa gbá góòlù wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sàn ju tòsì lọ. Bàbá mi a máa sọ pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kan ni yóò jókòó láìríṣe, kí á wo Sùràjù.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wá bá wa gbá, òun ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tí a ní. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, aṣọ́lé wa gbé agbábọ́ọ̀lù wọn kan ṣubú, ọwọ́ òun náà ṣẹ́, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sì rí pẹnáritì gbà. Bùrọ̀dá Sùràjù wọ ibọ̀wọ́, ó lọ dúró sẹ́nu ilé, láàárín òpó méjèèjì. Ó fò, ó mú bọ́ọ̀lù náà, àmọ́ orúnkún rẹ̀ kọlu òpó. A rọ́ wọ pápá, à ń jó, à ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé kò dìde.

Àwọn tó ń to eegun gbìyànjú, títí ó fi sú wọn. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i nílé rẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ Benson. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó bi mí pé, “Ta ló ń ṣọ́lé fún wa báyìí?” Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti kọ́ bo pápá wa látọdúnmọ́dún, ẹnu mi kò gbà á láti sọ. Mo ní wọ́n ti rí ẹnìkan.

Ó ní, “Sọ fún un kó ṣọ́ra fún òpó.”

Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ sìn mí jáde. Láyé ìgbà yẹn, bó bá ń kọjá, àwọn àgbà á dìde lórí ìjókòó láti kí i. Báyìí, a ń kọjá níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ síta, àwọn ọ̀dọ́ ń jà lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù òkè òkun, ọ̀kan nínú wọn sì ní, “Bàbá, ẹ kúrò lójú wa, a ò rí bọ́ọ̀lù.”

Ó bẹ̀ wọ́n, ó sì tiro kúrò.