Àpò Ìyá Kọ́kọ́rọ́

Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì í. Ọkọ mi ti sọ ọ́ tì, àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ti sọ ọ́ tì. Mi ò dárí jì í, mo sì ń sùn dáadáa.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń rán aṣọ ilé ìwé ní ilé iṣẹ́ wa. Obìnrin méjìdínlógójì ni wá nínú yàrá kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo la ní, ọ̀gá tó ń bójú tó wa ló sì ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá wa là ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn, nọ́ḿbà ẹ̀rọ la fi ń tò. Ìdí nìyẹn tá ò fi ń mu omi títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹni tó bá gbé omi sẹ́nu, a ó bi í bóyá ó ti di ẹja.

Àbúrò mi ló ń lo ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tèmi. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje nígbà tó jẹ oúnjẹ àná tí kò gbóná dáadáa, ni ìgbẹ́ gbuuru bá dé. Ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbójú sókè wo aago.

"Nọ́ḿbà mẹ́tàlélógún ni ẹ́. Kò tíì kàn ẹ́. Oyún kì í ṣe àìsàn."

Ẹ̀yìn ilé ni àbúrò mi sá lọ, ó ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì, kò fi omi kan ẹnu rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi ló ń jáde. Tí mi ò bá mu ún, kí ló máa jáde?" Èmi àgbàyà náà sì gbà fún un! Ọgbọ́n àwa aránṣọ nìyẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán, ètè rẹ̀ ti gbẹ, òyì kọ́ ọ, ó ṣubú lé ẹ̀rọ. Ó rọra sọ fún mi pé ọlẹ̀ inú òun kò sọ láti àárọ̀. Mo gbé e dìde, ó di ilé ìwòsàn.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sì gbọ́ ọkàn ọmọ náà tó ń lù. Ó wá kọjú sí mi.

"Ta ló kọ́ yín nírú èyí? Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe é, ẹ máa fún un lómi. Ẹ po ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà yìí mọ́ iye omi mímọ́ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, pàápàá tó bá ti yàgbẹ́ tán. Kó jẹ oúnjẹ tó rọ̀. Kó má lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró láìbi wá. Ẹ̀jẹ̀, ibà, òyì, èébì tí ò jẹ́ kómi dúró, ìtọ̀ tó dín kù, ọlẹ̀ tí ò sọ dáadáa: ẹ má fi ìkankan jókòó sílé."

Mo fún un lómi náà bó ṣe wí. Lọ́jọ́ kẹta ara rẹ̀ yá, ọmọ ń ta á nípàá. Ṣùgbọ́n èmi ń payín keke. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

Mi ò fi nǹkan kan sóúnjẹ ẹnikẹ́ni o, Ọlọ́run gbọ́! Oṣù kan lẹ́yìn náà, inú Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ló dà á láàmú. Lẹ́ẹ̀kẹrin tó sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ìṣó ẹnu ọ̀nà fa ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ó bọ́ ọ, ó jù ú sí mi: "Bá mi rán an kíákíá."

Mo rán ìṣẹ́tí. Mo fọwọ́ kan àpò, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Mo fa òwú líle tá a fi ń rán báàgì, mo rán ẹnu àpò náà pa, àlọ àtàbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Kò pẹ́ tó fi dìde fìrì. Ó kiwọ́ bọ àpò, àpò ò gbà. Ó fà á, kò ya. "Sísọ́ọ̀sì! Ẹ fún mi ní sísọ́ọ̀sì!" Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó na tirẹ̀ sí i. Mo gbé tèmi sókè, mo wo aago.

"Kò tíì kàn yín, Ọ̀gá wa."

"Jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹni tí kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n rí! Mo ka oókan dé mẹ́tàlélógún, mi ò kánjú, kí n tó na sísọ́ọ̀sì sí i. Ó ti pẹ́ jù fún un, ó ti yàgbẹ́ sára. Wọ́n ní kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni mo po omi iyọ̀ àti ṣúgà sínú ìgò, mo gbé e síwájú rẹ̀: "Ẹ rọra máa mu ún." Kò lè wò mí lójú. Kò lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú, torí yóò ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó nilé iṣẹ́.

Àbúrò mi ti bímọbìnrin, ó ní mo ṣe é jù. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn báyìí, ẹni tó bá nílò rẹ̀ á mú un. Láràárọ̀, mo máa ń dúró níwájú tábìlì Ìyá Kọ́kọ́rọ́, mo máa ń mu odidi ife omi kan tán, òùngbẹ gbẹ mí o, kò gbẹ mí o. Mo máa ń wò ó títí màá fi mu ún tán.