Ohun Tó Ń Kan Nínú Kẹ̀kẹ́ Mi Lọ́nà Maikunkele

Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni, òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí mo ti kẹ̀kẹ́ mi jáde nínú ọgbà ilé Bàbá Kékeré ní Dutsen Kura. Àkókò náà dá mi lójú nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fóònù mi kí n tó ṣí géètì. Ẹ̀yin ará ilé ní Ọ̀ffà tí ẹ mọ̀ mí láti kékeré, ẹ mọ̀ pé bí mo ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, n óò máa wo aago, bí ẹni pé aago ni yóò sọ fún mi pé kò séwu.

Ní Minna níbí, bí ènìyàn bá pe kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni gbogbo ayé máa rò. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Tèmi ni kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, aláwọ̀ búlúù, tí mo rà lọ́wọ́ Malam Sani nínú ọjà ní Ọjọ́bọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, n óò máa pè é ní Márúwá bí ẹ ṣe ń pè é nílé.

Iṣẹ́ ló jẹ́ kí n rà á. Lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti ń wáṣẹ́ kiri, ilé ìwé kan ní Maikunkele gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọjọ́ Ajé ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n bí inú mi bá ti dùn báyìí, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa bà á jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ náà, ó rí i.

Kó. Yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà, kó-kó. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi èékánná kan abọ́ tánńganran. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó yí ká, n kò rí nǹkan kan. Mo tún gùn ún, kó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé irin rẹ̀ ti sán níbì kan, pé lọ́jọ́ Ajé, níwájú àwọn ọmọ tí n kò tíì rí rí, yóò dá sí méjì lábẹ́ mi, ìyẹn ni wọn yóò sì fi mọ̀ mí títí wọn yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá.

Malam Sani ti sọ fún mi pé bí mo bá rí àléébù, kí n dá a padà ní Sátidé kafin azahar, ìyẹn ni pé kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Lẹ́yìn ìrun yẹn ni òun máa wọkọ̀ lọ sí Kano lọ kó ọjà, ó sì di ọ̀sẹ̀ méjì kí òun tó padà. Nítorí náà, òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ mi dára tàbí kò dára. Mo pinnu láti gùn ún dé Maikunkele, kí n fi dán ọ̀nà ọjọ́ Ajé wò, kí n sì fi hàn Malam Garba, atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan tí wọ́n ní ó mọṣẹ́ níbẹ̀.

Bàbá Kékeré ti kírun àárọ̀ tán, ó jókòó sí fàráńdà pẹ̀lú búta omi rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, àbúrò bàbá mi ni. Bàbá àgbà wa, Àlàó, ló tẹ̀lé iṣẹ́ ojú irin láti Ọ̀ffà dé Minna, ó sì kú kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi padà sílé, Bàbá Kékeré dúró síbí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ.

"Rùkáyà, o ṣì ń bá kẹ̀kẹ́ yẹn jà?" ó bi mí.

"Bàbá Kékeré, tí irin ẹ̀ bá ti sán ńkọ́?"

"Ṣebí èmi fúnra mi ni mo tún ìjókòó ẹ̀ ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé mi ò ní rí i tó bá sán ni? Ọmọ tuntun a máa ké, kẹ̀kẹ́ tuntun náà a máa ké. Sai hakuri."

Sai hakuri yìí, àfi sùúrù ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbí fún ẹni tí òkú kú fún àti fún ẹni tí omi dà sí láṣọ.

Mo já sí ọ̀nà Bosso. Atẹ́gùn tútù díẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn àwọn òkúta ńláńlá tó yí ìlú yìí ká. Mo dúró ra kósé, àkàrà tiwa náà ni, àmọ́ ó kéré ju tilé lọ. Mo ra ti igba náírà. Nílé, ògì ni à ń fi àkàrà mu. Níbí, ata gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní yaji ni wọ́n bu sí i lórí, wọ́n sì fi kunu, ohun mímu tí wọ́n fi ọkà ṣe, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ata náà ta mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo kà á mọ́ èrè.

Níwájú Bosso ni wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà kọjá lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Kẹ̀kẹ́ mi bẹ̀rẹ̀: kó, kó-kó, kó. Márúwá kan sún mọ́ mi, awakọ̀ náà yọ orí síta.

"Malama, kekenki na waƙa."

Malama ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá jẹ́ olùkọ́ tàbí tó kàn jọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé kẹ̀kẹ́ mi ń kọrin. Mo bi í bóyá ó gbọ́ ọ lóòótọ́.

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ kẹ̀. Láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni mo ti ń gbọ́ ọ. Orin ìyàwó ni. Ọkọ ló kù."

Àwọn èrò inú Márúwá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ojú tì mí, àmọ́ mo láyọ̀ débi tí n kò lè ṣàlàyé. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń rò ó pé bóyá inú orí mi ni ariwo yìí wà. Bí àjèjì bá gbọ́ ohun tí ò ń gbọ́, ìdajì ẹ̀rù ti lọ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé ó wà lóòótọ́.

Lẹ́yìn Bosso, ilé dín kù, oko pọ̀ sí i. Wọ́n ti ń gé ọkà bàbà. Mo kọjá àwọn obìnrin Gbagyi mẹ́ta tó ń gbé igi ìdáná lọ sí ọjà, wọn kò gbé e sórí bí àwọn ìyá wa. Èjìká kan ni wọ́n gbé e lé, wọ́n sì ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láìdi ohunkóhun mú. Mo kí wọn ní Hausa, sannunku. Èyí àkọ́kọ́ dáhùn, ó sì fi ojú bá kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Agogo mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni mo dé Maikunkele. Mo kọ́kọ́ lọ dúró sí ẹnu géètì ilé ìwé náà. Wọ́n tì í, ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ àfi ewúrẹ́ méjì. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn, mo sọ "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ" fún àwọn ewúrẹ́ náà láti gbọ́ bí ohùn mi yóò ṣe rí. Ó wárìrì díẹ̀. Ó dára ju bí mo ṣe rò lọ.

Abẹ́ igi dongoyárò ni Malam Garba ń jókòó sí. Ó gba kẹ̀kẹ́ náà, ó gùn ún lórí títì dé kọ́nà, ó gùn ún padà. Kò sí kó kankan.

"Ba komai," ó ní. Kò sí nǹkan kan.

Ó fún ṣéènì rẹ̀ le, ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo dúpẹ́, mo gùn ún lọ. Ní kété tí mo yà sí ọ̀nà iyanrìn tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé, kó-kó. Mo padà. Nígbà tó rí ojú mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá owó mi padà.

"Malama, ọwọ́ mi ló mọṣẹ́, etí mi ti gbó. Bàbá yín kan wà ní Tayi Village, Bayarabe ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá. "Reluwe ló ti ṣiṣẹ́. Sọ pé Baba Mai Guduma lò ń wá. Tí òun náà kò bá rí i, ẹni tó ń gùn ún ni kí wọ́n tún ṣe."

Guduma ni òòlù. Ọ̀nà gígùn ni mo gùn padà, agogo mẹ́wàá kọjá kí n tó rí ilé Bàbá Olóòlù yìí ní Tayi, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ láàárín koríko. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé tí kò tíì parí. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ, òkúta ló wà níbẹ̀. Kí ló ṣe ẹ́ tí ojú ẹ fi rí báyìí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀: iṣẹ́, ọjọ́ Ajé, àìsùn, Kano, azahar, bí àyà mi ṣe ń já. Ó dúró títí mo fi sọ tán.

Ó ní, "O ti sọ ohun tó ń ṣe ìwọ. Wàyí, kí ló ń ṣe kẹ̀kẹ́?"

"Ó ń dún, Bàbá. Àmọ́ kò dún nígbà tí Malam Garba gùn ún."

"Níbo ni Garba ti gùn ún?"

"Lórí títì."

"Títì kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè. Gùn ún yí ilé mi ká."

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀, òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì dijú. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilẹ̀ gbágungbàgun nìkan ni ariwo náà ti ń wá. Láti àárọ̀, ẹ̀rù mi ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ kẹ̀kẹ́.

Bàbá wọlé, ó mú òòlù kékeré kan jáde tí igi rẹ̀ ti dán bí awọ. Ó ní ní ayé òun, bí ọkọ̀ ojú irin bá dúró ní Minna, òun a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun a sì máa fi òòlù yìí kan ẹsẹ̀ irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le á dún gíín. Èyí tó bá ti sán á ní pọ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ.

Ó kan irin òkè kẹ̀kẹ́ mi. Gíín. Ó kan irin iwájú. Gíín. Ó kan irin tó dúró lábẹ́ ìjókòó.

Pọ̀.

Ó tún kàn án. Pọ̀.

"Èyí kò dáhùn," ó ní.

Mo jókòó sílẹ̀. Agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo yọ fóònù mi, mo wá nọ́ńbà Malam Sani. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti rí ara mi tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Maikunkele lójoojúmọ́.

Bàbá ní, "Ta ni ò ń pè? Ẹni tó ti kú kì í dáhùn. Ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀ náà kì í dáhùn. Mú sípánà wá."

Ó tú ìjókòó náà, ó rọra fà á sókè. Àkísà kan tẹ̀lé e jáde, èyí tí wọ́n kì sínú irin náà. Lẹ́yìn àkísà, okùn. Ní ìdí okùn, idẹ roboto kan tó tó ìdérí ìgò, wọ́n lu nọ́ńbà sí i lára: 347. Ó hàn pé àkísà ni wọ́n fi wé idẹ yìí kó má baà dún, ọ̀nà gbágungbàgun sì ti tú àkísà náà kúrò lára rẹ̀.

Bàbá gbé e síwájú ojú rẹ̀ pẹ́.

"Ta ni bàbá bàbá ẹ?"

"Àlàó, ará Ọ̀ffà."

"Àlàó Gígùn." Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa la ní irú ẹ̀, tá à ń fi hàn kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé iṣẹ́. Ìgbànú ni òun máa ń so tiẹ̀ mọ́. Ọ̀gá wa ni. A máa ń gbọ́ ọ ká tó rí i: kó, kó-kó. Bá a bá ti gbọ́ ọ, ẹni tó ń sùn á dìde, ẹni tó ń ta ayò á jókòó lé ọpọ́n."

N kò rí bàbá àgbà mi rí, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì sì ni mo ti ń sá fún ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo rántí pé Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Kékeré tún ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ṣe, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Mo bi Bàbá Olóòlù ìdí tí àbúrò bàbá mi fi fi idẹ náà síbẹ̀.

"Kí wọ́n bàa lè fi mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá jí i. Àwa ará reluwe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tàbí nítorí nǹkan mìíràn. Àbúrò bàbá ẹ ni kó o bi. Tàbí kó o má bi í. Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ fún ọ kò fẹ́ kó o dúpẹ́."

Ó gé rọ́bà tíúbù àlòkù, ó fi wé idẹ náà, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Kò gba kọ́bọ̀. Ní agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, Malam Sani gbé fóònù rẹ̀. Mo ní kó máa lọ sí Kano ní tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi le. Ó ní, "To, Allah ya sa alheri," kí Ọlọ́run fi oore sí i.

Mo gùn ún délé, lórí òkúta, lórí iyanrìn. Kò dún. Mo ń retí rẹ̀ títí mo fi dé Dutsen Kura, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìdákẹ́jẹ́ náà kò tù mí nínú tó bí mo ṣe rò.

Bàbá Kékeré wà lórí àga rẹ̀. "Ariwo yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Mo sọ fún ẹ. Sai hakuri."

Mo wọ pálọ̀. Lábẹ́ àwòrán bàbá àgbà, ìṣó kan wà lára ògiri tí n kò kà sí nǹkan kan rí. Kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ní abẹ́ ìṣó náà ni àmì roboto kan wà, ó tó ìdérí ìgò, ọ̀dà ibẹ̀ mọ́ ju ti ìyókù lọ.

Ìrìn àjò náà kọ́ mi pé kí n máa gbọ́ ohun tó ń dún kí n tó máa gbọ́ ọkàn mi. Ìyẹn ti yé mi. Èyí tí kò yé mi ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin àgbà ilé wa. Idẹ yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ wa nínú ohun tí bàbá àgbà wọ̀ mọ́ra. Tí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́ mi ní Maikunkele, ó bá a lọ. Bí mo bá sì dá a padà sórí ìṣó, Bàbá Kékeré á mọ̀ pé mo tú ohun tó dì fún mi. Ọ̀la ni Ọjọ́ Ajé. Ṣé kí n so ó padà sí ògiri ni, àbí kí n gun kẹ̀kẹ́ náà lọ ilé ìwé pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ mi? Tó bá sì jẹ́ pé kí n gbé e lọ ni, ṣé kí n tú rọ́bà yẹn kúrò lára rẹ̀?