Ọjọ́ Kan Tí Àdùkẹ́ Jókòó Lórí Ẹní Mi

Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ìtàn ayé Àdùkẹ́ sínú ìwé ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n ní àgbẹ̀ kòkó ni, wọ́n ní ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àjèjì bá mú ìwé yẹn lọ́wọ́, kò ní mọ̀ pé obìnrin kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ yìí tí gbogbo opó agbolé wa ń bẹ̀rù ju ikú tó pa ọkọ wọn lọ.

Èmi náà bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mi ò fi ẹnu mi pè é ní Àdùkẹ́ rí nígbà ayé rẹ̀, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Adúmáadán ni mo sọ ọ́ láti ọdún tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Òun náà kò pè mí ní nǹkan mìíràn ju "ìyàwó" lọ, títí irun fi funfun lórí àwa méjèèjì.

Òun ni àkọ́bí bàbá wọn. Ìwé kejì ló wà nígbà tí wọ́n bí Ọláyíwọlá, ọkọ mi. Ìyá wọn ń lọ sóko, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ, ni bàbá wọn bá ní kí Àdùkẹ́ jókòó sílé. Bó ṣe kúrò níwèé nìyẹn. Ó pọn ọmọ náà lọ sí oko kòkó, ó pọ̀n ọ́n bọ̀. Nígbà tí ọmọ tó ilé-ìwé lọ, òun ló fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, tó sì yí padà. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀rín bí inú rẹ̀ bá dùn: "Mo bọ́ ìwé mi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò tilẹ̀ dúpẹ́."

Nígbà tó dàgbà, òun ni olórí àwọn obìnrin tí wọ́n bí ní agbolé. Àwọn ló ń ṣọ́ opó. Ogójì ọjọ́ ni opó fi ń jókòó lórí ẹní nínú yàrá, nínú aṣọ dúdú, kò gbọdọ̀ fojú kan títì. Wọ́n ní ẹní náà kò gbọdọ̀ tutù. Bó bá tutù kí ọjọ́ tó pé, òkú yóò padà wá mú ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀. Ọdún kan wà tí wọ́n rí opó kan nídìí ẹ̀rọ omi ní ọjọ́ kejìlá. Àdùkẹ́ kò pariwo. Ó sọ garawa kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó mú un wọlé, ó ní, "Òní di ọjọ́ kìíní." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un, mo sì mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Ọláyíwọlá ń ṣọ́ géètì ní yunifásítì kan, ọdún méjìlélógún gbáko. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ náà, ọmọ àgbẹ̀ ló kún ibẹ̀. Bí owó ilé-ìwé bá ṣòro, òbí a lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní kí ọmọ máa kàwé lọ títí wọn yóò fi ká kòkó. Ìgbà tó yá, àwọn oníṣirò owó dé. Wọ́n ní ìjọba kò lè máa bọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, kó máa bọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá ń tà, wọ́n gbé owó rẹ̀ sókè. Èyí tí kò tà, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọkọ mi a máa sọ pé, "Tẹ́lẹ̀, ọmọ ni mò ń ṣí géètì fún. Oníbàárà ni mò ń ṣí i fún báyìí."

Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Pẹ̀lúmi, àkọ́bí wa, ń kọ́ wà lára èyí tó ń tà jù. Láti ọdún tó wọlé títí di ọdún ìkẹyìn rẹ̀, owó náà fi ìlọ́po mẹ́ta gòkè. Ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ òṣìṣẹ́ nìkan ló gbé e ró. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Ọláyíwọlá lórí àga rẹ̀ nídìí géètì, fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe dé orí ẹní nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, lọ́sàn-án, Pẹ̀lúmi wọlé bá mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Àdùkẹ́ wà lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, ó ń hanrun. Pẹ̀lúmi rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmi, wọ́n ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ilé-ìwé."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ̀dínwó mi ti bá Dádì lọ. Àfi bí opó wọn bá fojú ara rẹ̀ hàn ní ọ́fíìsì, kó tẹ̀ka, kí ọgbọ̀n ọjọ́ ikú Dádì tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n san gbogbo owó náà pátá, tàbí kí n má wọ gbọ̀ngán ìdánwò."

"Ìgbà wo ló pé?"

"Sátidé, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Ọ̀tunla ni, kó tó di agogo méjìlá."

"O ò lè lọ bá mi ṣe é?"

"Ojú yín ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n ní àwọn kan ti ń gbé opó ayédèrú wá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Opó ayédèrú! Mo wo ara mi nínú aṣọ dúdú. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ìhanrun orí ibùsùn ti dákẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Fámúrewá, olórí ẹbí, wá kí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ dópin, n ò ní parọ́ mọ́ ọn.

"Ìyàwó, ọjọ́ mélòó ló kù fún ọ?"

"Méjìlá, Bàbá."

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù ọjọ́ méjìlá."

Pẹ̀lúmi ní, "Bàbá, kò sí ẹni tí a fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ̀rọ ló ń ka ọjọ́ náà."

"Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ní àgbà nílé?" Ó mi orí. "Bí ẹní yìí bá tutù, tí nǹkan ṣe ọmọ yìí, ẹnu wo ni a óò fi sọ ọ́? Ìwé tí a ní kó gbà á là ló wá pa á? Rárá o." Ó yíjú sí Àdùkẹ́ tó ń bó ẹ̀gúsí nídìí ilẹ̀kùn. "Àbí kí lo wí?"

Àdùkẹ́ kò gbójú sókè. "Ẹ ti sọ̀rọ̀. Mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, lójú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, mo ti pinnu pé n óò jáde. Ọkàn mi pinnu, ẹsẹ̀ mi kò gbà. Mò ń wo Pẹ̀lúmi tó ń di bàtà rẹ̀, n ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ gbà á là ni tàbí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa á. Àdùkẹ́ wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í.

"Ìyàwó, bọ́ aṣọ yẹn."

"Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi..."

"Mo ní kí o bọ́ aṣọ. Àbí o fẹ́ kí n fi àǹkárá jókòó lórí ẹní opó ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé mi. Ó ti ń tú ìró ara rẹ̀.

"Ẹní ni àwọn bàbá wa ní kò gbọdọ̀ tutù nínú ulé yìí. Wọn ò dárúkọ ìdí tó gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀. Ìdí tèmi sì gbóná ju tìrẹ lọ."

Pẹ̀lúmi bú sẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àgbà kì í jókòó ọ̀fọ̀ àbúrò."

"Torí bàbá ọmọ yìí ni wọ́n ṣe yọ mí níwèé. Wọn ò ní torí ikú bàbá rẹ̀ yọ òun náà." Ó ju ìró rẹ̀ sí mi. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bí o bá padà wá láìmú ìwé náà bọ̀, ọjọ́ kìíní lo bá padà sí. Èmi náà lo mọ̀ mí."

Mo mọ̀ ọ́n. Kí n tó dìde kúrò lórí ẹní, ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ẹní má bàa ṣófo ní ìṣẹ́jú kan.

A gba ẹ̀yìnkùlé, òkè Ọlọ́súnta wà níwájú wa tòun ti ìkùukùu lórí, a yà bọ́ sí títì. Ọkọ̀ méjì ni a wọ̀. N ò gbójú sókè nínú ọ̀kankan, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè mí lórúkọ.

Ọ́fíìsì náà jẹ́ tuntun, dígí ni gbogbo ara rẹ̀. Géètì ọkọ mi ni a gbà wọlé, ọmọ kékeré kan tí n ò mọ̀ rí ló jókòó sórí àga rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fún wa. Nígbà tí wọ́n pè wá, agogo mọ́kànlá ti kọjá dáadáa. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì, Victor ni wọ́n kọ sí i láyà, gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú mi.

"Màmá, ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn.

"Ẹ tún un tẹ̀."

Iná pupa tún tàn.

"Ẹ̀rọ ò rí yín, Màmá."

"Èmi rèé níwájú yín."

"Èmi rí yín. Ẹ̀rọ ni ò rí yín. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mò ń yan gàrí."

Ó yí ọwọ́ mi sókè, ó wò ó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bẹ gbágùúdá, tí omi rẹ̀ ń jẹ mí lọ́wọ́, tí mo sì ń fi ọwọ́ kan náà dúró nídìí iná. Ilà ìka mi ti lọ pátápátá, ó ń dán bí ìdí ìkòkò. "Ẹ wò ó," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò le, "mi ò lè kọ ohun tí ẹ̀rọ ò gbà."

A fi omi fọ̀ ọ́. A nù ún. A fi òróró díẹ̀ pa á. Pupa. Ìka ìfábẹ̀lá, pupa. Agogo ara ògiri ń lọ.

Ibi tí a ti ń fi aṣọ nu ọwọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Victor dìde fún un. "Ẹ bá mi kí Dádì o." Ìwé rẹ̀ ti wà ní títẹ̀ sílẹ̀. Ó gbà á, ó jáde. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Pẹ̀lúmi ní, "Ẹ̀gbọ́n, òun ò tẹ̀ka?"

"Wọ́n ti pè nípa tiẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá."

"Ẹni tó ṣọ́ géètì yín títí tó fi kú síbẹ̀ ni bàbá mi. Ta ni kó bá wa pè?"

Mo fún un lọ́wọ́ pé kó dákẹ́. Victor wo agogo. Ó ku ìṣẹ́jú méje. Ó fa ẹ̀rọ náà súnmọ́ mi, kò wo ojú wa.

"Ìka wo ni kì í kan ọ̀bẹ nínú ọwọ́ yín, Màmá?"

Mo ronú. Mo na ọmọńdinrín ọwọ́ òsì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó rọra yí i díẹ̀.

Iná àwọ̀ ewé tàn.

Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà. Bó ṣe ń nà án sí wa, ó ní, "Ti Pẹ̀lúmi nìkan ni o. Bí àbúrò bá wà lẹ́yìn, kò sí tiẹ̀ níbẹ̀." Àbúrò wà. Ìbùkúnolúwa ni, tó wà ní ìwé girama nígbà náà. Mo ní ẹ ṣeun.

Nígbà tí a ó fi délé, Bàbá Fámúrewá ti gbé àga sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá mi. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Àdùkẹ́, mo ní dìde níbẹ̀! Ìwọ tó dá opó padà sí ọjọ́ kìíní!"

"Mo dá a padà torí pé ẹní rẹ̀ tutù. Ẹ wá fọwọ́ kan èyí bóyá ó tutù."

"Ẹ̀gbọ́n òkú ni ọ́!"

"Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àbí bí èmi náà bá kú lónìí, ẹ óò wá bá mi jókòó?"

Mo yọjú. Bàbá Fámúrewá wo aṣọ Àdùkẹ́ lára mi, ó wo aṣọ mi lára Àdùkẹ́. Àdùkẹ́ kò wò ó. Ó na ọwọ́.

"Ìwé dà?"

Pẹ̀lúmi kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. Ó yí i sókè, ó yí i sódì, ó fi í súnmọ́ fèrèsé.

"Ibo ni orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀?"

Pẹ̀lúmi fi ìka hàn án. Àdùkẹ́ fi ìka tirẹ̀ sórí orúkọ náà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló sún sí ẹ̀gbẹ́, kí n lè jókòó kó tó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, a ní láti fà á sókè lẹ́mẹ̀ẹ̀ta, ó ń bú wa.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, tí wọ́n fẹ́ mú mi jáde, Bàbá Fámúrewá dúró láàárín àgbàlá. "Mọ́kàndínlógójì lèmi kà."

"Mọ́kàndínlógójì ni tìyàwó," ni Àdùkẹ́ dá a lóhùn. "Ẹyọ kan tó kù, tèmi ni. Ẹni tí kò bá gbà kó jáde wá kà á." Kò sẹ́ni tó jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ aṣọ dúdú lọ́rùn mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Pẹ̀lúmi wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, òun ló ń wá iṣan lọ́wọ́ Àdùkẹ́ nínú àìsàn tó gbẹ̀yìn rẹ̀, tí Àdùkẹ́ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ wo ọmọ tí mo bá jókòó, abẹ́rẹ́ ló fi ń san án fún mi." Ìbùkúnolúwa, tí a kò rí owó yunifásítì san fún, ń bá mi yan gàrí. Nígbà mìíràn mo máa ń yí ọwọ́ rẹ̀ sókè nídìí agbada, mo ń wò ó bóyá ilà ìka rẹ̀ ṣì wà.