Bíríkìlà Tó Ń Kí Ògiri

Bí ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin bá rí ilé àtijọ́, wọn á fi ìka kan ògiri rẹ̀, wọn á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bíríkìlà ni wọ́n n'Íjẹ̀bú. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ní Barking, ní London, wọ́n kí àwókù Abbey, ilé ìsìn àtijọ́ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ara mi ò balẹ̀.

"Bàbá, àwọn tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀."

"Ṣé iṣẹ́ wọn náà ti lọ ni?"

Mo ṣèlérí pé a ó lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àárín London ní Sátidé. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ibi iṣẹ́ pè mí, ibẹ̀ ni mo sì lọ. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wọ bàálù padà sílé.

Lánàá wọ́n bi mí lórí fóònù, "Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ńkọ́?"

"Bàbá, èmi gan-an ò tíì débẹ̀ rí."

Wọ́n ní, "Tóo bá débẹ̀, bá mi kí wọn."