Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́, Èmi Ni N Ó Gbé Yín Relé ní Wásinmi

Áà! Bàbá mi, ṣé ó wá dìgbà náà nìyẹn? Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ayé kánjú, ẹ ti lọ lóòótọ́. Èmi Títílayọ̀, àkọ́bí yín, ni mo ń kọ èyí nílé wa ní Adìgbẹ. Kì í ṣe ẹkún nìkan ni mo ń sun. Ẹ̀rù ń bà mí.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ẹ gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Kí Bàbá tó dákẹ́, wọ́n sọ fún Màmá pé àwọn ò fẹ́ ọkọ̀ òkú tí a háyà. Wọ́n ní píkọ́ọ̀pù àwọn ni kó gbé àwọn relé ní Wásinmi, kí Títílayọ̀ sì wà á. Bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mi ò ti wa ọkọ̀ náà gba ìdagẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí afárá abúlé wa.

Ọkọ̀ yín, Bàbá! Arúgbó ọkọ̀, ó wúwo, ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láti àná. Gbogbo àdúgbò ló ní kí ẹ tà á. Ẹ kọ̀, ẹ ní ọkọ̀ kì í jẹun jù, ẹni tó ń wà á ni kò mọ̀ ọ́n bọ́. Láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ti táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò, nítorí ẹ ní táyà tó bá rọ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ni. Ẹ ó yọ asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ẹ ó gbọn eruku oko kúrò lára rẹ̀. Ẹ ó wá dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ ó kó gbogbo ẹrù tí Màmá ti tọ́jú síbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó ní, "Ìyá Títí, ọkọ̀ ni mo rà, n ò ra yàrá." Màmá á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ kì í torí nǹkan kan ṣoṣo lọ sóko. Ẹ ó dúró títí iṣẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin yóò fi pé. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹsẹ̀ yín á fúyẹ́ lórí epo, ẹ kì í sáré, ẹ kì í sì í tẹ bíréèkì lójijì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè yín ní Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́. Ẹ kọ́ mi náà, ẹ ní, "Títí, má tẹ epo bí ẹni tó ń pa àkekèé."

Mo kọ́ ọ, mo kọ́ ọ ní àkọ́jù. Lọ́jọ́ tí a kó sìmẹ́ǹtì lọ sí Wásinmi, èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, ẹ̀yin sì jókòó tì mí. Nígbà tí a dé ìdagẹ̀rẹ́ yẹn, mo ní kí ni a tún ń fi epo ṣe nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀? Mo yọ jíà, mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ kí ẹ yìn mí ni. Mo tẹ bíréèkì, ó le bí òkúta. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀, ó kọ̀, kò fẹ́ yí; àṣé ẹ́ńjìnnì tí mo pa ló ń ran méjèèjì lọ́wọ́. Afárá ń bọ̀ níwájú. Mo figbe ta. Bàbá, ẹ ò pariwo. Ẹ kàn ní, "Tàn án padà. Fi sí jíà kejì. Rọra." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké, ó di ọkọ̀ mú, a sì dúró létí afárá.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Kò sí ìgbà tí mo dé ibí tí ẹ̀rù kì í bà mí. Epo tá a ṣọ́ títí tí ẹ̀mí fi bọ́, ta ni yóò lò ó?" Ẹ ò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún yín, tí mo sì sá fún ọ̀nà náà.

Mẹkáníìkì ti yẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mejì báyìí, síbẹ̀ inú mi ò balẹ̀. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n wá awakọ̀ mìíràn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ẹ ti sọ pé bí mo bá kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi agbára mú mi. Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún jù.

Mi ò kọ̀, Bàbá. Ẹ̀rù á máa bà mí, n ó sì gbé yín relé. N ó rọra sọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa lọ. Ẹ dákun, ẹ má bínú nítorí epo lọ́jọ́ náà. Ẹ ti ṣọ́ ọ tó. Ẹ sùn re o, Bàbá mi.