Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Dárí Jì Mí

Òórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Òṣogbo. Télọ̀ ni. Ó ti tó oṣù méje tó ti lé mi jáde nítorí oyún tí mo gbé wálé láti ilé ìwé girama ní Iléṣà. Ọmọ oṣù mẹ́ta ti wà lẹ́yìn mi báyìí, ẹni tó gbà wá sílé ní Iléṣà náà sì ti ní kí n kó jáde kí oṣù tó parí.

Àǹtí kan ló mú mi lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, onígbàgbọ́, ó ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì: ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni, tó so iṣẹ́ àbójútó àwọn tí ìyà ń jẹ pọ̀ mọ́ ọn. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ ohun tí èèyàn gbà gbọ́ ló mọ ọ̀nà tó wọ ọkàn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Ó kí bàbá mi ní sàlámù, ó ka ibi kan nínú Kùránì tó sọ̀rọ̀ àánú, kò ṣì í. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Òṣómàáló ti di àfáà!" Ó fún un ní àga. Ó pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí Àǹtí bẹ̀ ẹ́ pé kó gba èmi àti ọmọ mi padà sílé, ó kọjú sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ Ọlọ́run lo bá wá ni, àbí ti ìjọba?"

"Méjèèjì ni, Bàbá. Ohun tí mò ń kọ́ nìyẹn."

"Ó dáa. Sọ fún Ọlọ́run pé mo ti dárí ji ọmọ mi, tọkàntọkàn. Sọ fún ìjọba pé kò ní sùn nílé mi."

Ó ní kí n sọ ọmọ náà kalẹ̀. Ó gbé e, ó ṣàdúà fún un títí, ó rọra nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Ó gbé e padà fún mi, ó sì jókòó sídìí máṣìnnì rẹ̀. "Ẹ tètè wọkọ̀."

Nínú ọkọ̀ Iléṣà, Àǹtí mú ìwé méjì jáde, ọ̀kan fún olùkọ́ ẹ̀sìn, ọ̀kan fún olùkọ́ àbójútó. Kò rí nǹkan kan kọ sínú èyíkéyìí. "Èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní, ó ń sunkún. Èmi ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, inú yàrá kan ṣoṣo ní Iléṣà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ ń gbé. N kò dá Àǹtí lẹ́bi. Ó rò pé bí àánú bá ti wọ ọkàn èèyàn, ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ á ṣí. Bàbá mi kò parọ́. Ó dárí jì mí lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bó bá jẹ́ pé inú ló ń bí i ni, ǹ bá máa retí ọjọ́ tí inú náà máa rọ̀.