Gàrí Bàbá Mi Nínú Ràdíátọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe fọ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi dànù, tí inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé aránṣọ ni mí ní Pobè. Ẹ sì mọ̀ pé bí mi ò bá sí nídìí máṣíìnì, abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ wá mi sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fídíò ni mo ń wò, mo ń tú nǹkan, mo ń tò ó padà. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀tì kan á ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́!

Bàṣé bàbá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, bàṣé là ń pe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ní tapólì lẹ́yìn. Búlúù ni àwọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé bí o bá jókòó síwájú, wàá máa rí títì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, abẹ́ igi máńgòrò ló wà. Mo máa ń lọ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ mú nǹkan kan. Epo pupa, epo ẹ́ńjìnnì, awọ àga tí oòrùn ti yan: òórùn bàbá mi gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Fòfó Múfú, tó ń gbé ní Kutọnu, ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìyá mi ò bá a jiyàn. Ó kàn ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà lọ sí Takon, níbi tí wọ́n ti bí òun, kí òun jókòó síwájú bí òun ṣe máa ń jókòó nígbà tí bàbá wa bá ń gbé òun lọ. Fòfó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, òun á dúró dè wá ní Takon lọ́jọ́ kejì Iléyá. Bí ọkọ̀ náà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tà á mọ́. Bí wọ́n bá ní láti fi okùn fà á, àwọn onírin á wá gbé e.

Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ aránṣọ, ṣé abẹ́rẹ́ lo fẹ́ fi rán ràdíátọ̀ yẹn?"

Kò ṣàdédé sọ ọ́. Gbogbo ilé wa mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kì í gba omi dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́jú. Ibi tí páálí bá ti tutù ni kí o wo òkè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wá ojú jíjò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, omi á ti gbẹ lórí irin kí ẹ tó rí i. Ibì kan ṣoṣo ni páálí mi ti tutù, lábẹ́ dùríìtì ìsàlẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí omi ń gbà jáde nínú ràdíátọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà náà ti sán lẹ́nu. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo pààrọ̀ irin tó ń fún un lọ́rùn. Jíjò náà dá.

Ṣé kò yẹ kí n dúró níbẹ̀? Ó yẹ! Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá, gbogbo fídíò ló sì ní kí a fọ̀ ọ́. Mo tú ràdíátọ̀ sílẹ̀, mo ki rọ́bà omi bọ ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè gba òdìkejì ọ̀nà tó máa ń gbà. Ẹrẹ̀ pupa ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó dà bí ẹ̀kọ tó ti kan. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo ṣáà ń fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ gaara. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún inú ẹ́ńjìnnì náà. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Fòfó!

Mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo rọ omi ràdíátọ̀ tuntun sí i, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé. (Ẹ má jẹ́ kí adìyẹ tàbí ajá débẹ̀ o. Ó dùn lẹ́nu wọn, ó sì ń pa wọ́n.) Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, páálí mi ti di aláwọ̀ ewé láti etí dé etí. Ó ń jò nísàlẹ̀ ràdíátọ̀. Ó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù. Ó ń jò lára páìpù irin kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, tí n kò fọwọ́ kàn rí. Mo fi ìka tẹ páìpù náà wò, ìka mi wọlé.

Ìyá mi jáde pẹ̀lú búùtà àlùwàlá rẹ̀. Ó dúró níbi tí mo da ìdọ̀tí àná sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tú u. Ó béèrè ẹni tó dà á nù. Mo ní èmi ni, pé ẹ̀gbin inú ràdíátọ̀ ni.

"Gàrí bàbá rẹ ni," ó dáhùn.

Ó ní ìgbàkígbà tí ọkọ̀ náà bá ń jò lọ́nà, bàbá wa á bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí sínú rẹ̀. Gàrí á wú nínú omi gbígbóná, á sì dí ojú ihò. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo nọ́ọ̀tì ara ọkọ̀ náà, mi ò mọ ìyẹn!

Mo jókòó sórí táyà àlòkù. Gbogbo gàrí tí ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ rẹ̀ bù síbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo fọ wọ́n sínú koríko. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí lára mi? Bí ẹni tó fọ aṣọ tí olóògbé bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn, kó tó rántí pé òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Iléyá ti sún mọ́lé. Mo lọ wá rọ́bà tó nípọn ní Sakété, mo fi rọ́pò páìpù tó jẹrà. Mo yí gásìkẹ́ẹ̀tì páǹpù padà. Ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀ bá mi lẹ ìsàlẹ̀ ràdíátọ̀, ṣùgbọ́n ó ní irin náà ti fẹ́lẹ́ bí ìwé, òun ò lè búra fún un.

Ọjọ́ pé. Ìyá mi wọ aṣọ àdúrà rẹ̀, ó jókòó síwájú. Mo di bídọ̀n omi, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà ń pariwo, ojú mi ò kúrò lára abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn. Abẹ́rẹ́ náà dúró sójú kan. Bí a ṣe ń wọ Yoko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Èéfín funfun yọ níwájú wa. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì.

A kì í ṣí ìdérí ràdíátọ̀ tó bá ń hó, ojú ẹni ló máa bó. A máa ń dúró títí dùríìtì òkè á fi rọ̀ bí a bá fún un lọ́wọ́. Ibi tí mo ti ń dúró ni Fòfó ti pè láti Takon. Ó ní ṣé kí òun máa gbé okùn bọ̀? Omi lé sí mi lójú. Mo yíjú sí ìyá mi láti bẹ̀ ẹ́, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ má bínú, ó ti ń jò."

"Mo mọ̀. Ibi tí bàbá rẹ máa ń dúró nìyí."

Ó kọjá sí ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí obìnrin kan ti ń yan gàrí. Ìyá Ráfíù lorúkọ obìnrin náà. Kò tíì kí wa tán tó ti gbé omi jáde. "Mo rò pé ẹ ti ra ọkọ̀ tuntun," ó ní, "pé ẹ ò nílò omi wa mọ́."

"Ọkọ̀ náà nìyẹn," ìyá mi dáhùn. "Ẹni tó ń wà á ni ò sí mọ́."

Ìyá Ráfíù fi igbá tó fi ń yan gàrí sílẹ̀. Ó nu bẹ́ǹṣì kan, ó ní kí ìyá mi jókòó síbi tí bàbá mi máa ń jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ, bó ṣe máa ń jiyàn pé ọkọ̀ òun kì í jò, pé ó ń làágùn ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi ń fi gèlè nu ojú.

Ó wá sọ fún mi pé, "Ariwo ọkọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ gbọ́ ara wa. Níbí nìkan la ti máa ń sọ̀rọ̀, tó bá ń dúró kó tutù."

Ìyá Ráfíù bu ẹ̀kúnwọ́ gàrí lé mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé gàrí ń dí ojú ọ̀nà omi nínú ràdíátọ̀. Mo mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bàbá mi máa gbóná jù. Mo dà á sí i, mo rọ omi lé e. Ẹ̀kán tó ń jábọ́ nísàlẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ń lọ sílẹ̀, ó dá. A kọjá Sakété, a dé Takon.

Fòfó mú okùn dání. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó tẹjú mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó béèrè irú abẹ́rẹ́ tí mo lò. Mo ní gàrí Yoko ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí n fi okùn náà pa mọ́ sábẹ́ àga, pé ọkọ̀ náà di tèmi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí ràdíátọ̀ mìíràn tó ṣì dára, mo fi sí i. Páálí mi ń gbẹ táútáú ní àràárọ̀. Nígbà tí a tún ń lọ sí Takon, abẹ́rẹ́ ò mira. A kọjá Yoko bí ẹni tí ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ìyá mi ń wo ẹ̀yìn nínú dígí. Mo yí ọkọ̀ padà.

Ìyá Ráfíù ti ń gbé omi bọ̀. Mo ní kò jò mọ́. Ó béèrè pé kí ló wá dá wa dúró.

"Ó ń làágùn ni," ìyá mi dá a lóhùn, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: kí ẹ tó fọ inú ràdíátọ̀ ọkọ̀ tó ti gbó, ẹ béèrè ohun tí ẹni tó wà á ṣáájú yín ti bù sí i. Ìpẹtà àti ìdọ̀tí yẹn lè jẹ́ ohun tó di omi náà mú. Bí ẹ bá sì rí jíjò náà dí, ẹ má torí ìyẹn kọjá bẹ́ǹṣì àwọn èèyàn yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni bàbá yín máa ń dà sínú ràdíátọ̀ tiẹ̀, ilé ta ló sì ti máa ń tọrọ omi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, èmi àti ìyá mi la jọ máa kà á.